Ìwọ̀n Èébú: Bí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Fúyẹ́ Ṣe Di Ẹrù Wúwo ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Kóńgò ni àwọn ọlọ́jà fi ń wọn gààrí àti ìrẹsì. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn aṣọ. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn èébú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ dáadáa tí kò lè ya èébú tí ó wúwo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fúyẹ́. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé bí ọ̀rẹ́ bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sùẹ̀gbẹ̀, ẹ̀rín ni yóò gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá pe ẹlòmíràn ní ọmọ àlè ti fọwọ́ kan ìyá ẹni náà, ó ti fọwọ́ kan bàbá rẹ̀, ó sì ti ṣí gbogbo ilé wọn sílẹ̀ fún ìtìjú. Kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ojúde àti ibi eré òṣùpá ni ó ti kọ́ ọ.

Báwo ni nǹkan ṣe máa ń rí fún ẹni tí ó ń kọ́ èdè ẹlẹ́dè, tí ó mọ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀? Kí ni ó fà á tí èébú tí Òyìnbó kà sí ṣeréṣeré fi lè mú kí ọmọ ilé ìwé ní Ìsọlọ̀ sunkún, tàbí kí ó dá ìjà sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Òṣòdì? Àwọn kan a máa sọ pé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tán síbẹ̀. Ìtàn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ àárín wa ni yóò parí rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Ní ọdún 2016, Jean-Marc Dewaele, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Birkbeck, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì London, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ èébú Gẹ̀ẹ́sì 30. Àwọn tí ó bi léèrè lé ní 2,000. Àwọn kan jẹ́ ọmọ bíbí inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yòókù kọ́ ọ lẹ́yìn èdè tiwọn ni. Ohun tí ó rí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ó burú ju bí àwọn onílé ṣe kà á sí lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó burú jù lọ nínú gbogbo wọn nìkan ni wọn kò mọ bí ó ṣe burú tó. Ní kúkúrú, èyí tí ó fúyẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rù bí òkúta, èyí tí ó wúwo gan-an ni ó ń gbé bí òwú.

Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn wà tí ó dà bí ẹni pé ó tako èyí. Ní ọdún 2003, Catherine Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí awọ ara ẹni ṣe ń yí padà bí ó bá gbọ́ èébú tàbí ìbáwí irú èyí tí òbí ń bá ọmọ wí. Èdè Tọ́kì mú ara wọn gbọ̀n ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ènìyàn náà ti lé ní ọmọ ọdún 12 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a bá pa ìwádìí méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé wọn kò takora. Ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ fún un pé iná ni ọ̀rọ̀ kan, kí ara rẹ̀ má sì tíì mọ bí iná náà ṣe ń jó. Ìbéèrè wa wá di èyí: ti ọmọ Èkó ńkọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí eyín rẹ̀ tó pàrọ̀, tí ó sì jẹ́ pé pàṣán olùkọ́ àti ohùn ọ̀gá ni ó fi bá èdè náà pàdé? Ara rẹ̀ pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí èébú Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé

Abúlé àwọn Àwórì ni Ìsọlọ̀, àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ àti ti agbègbè Òṣòdì kí ìgboro Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀nà ojú irin ni ó kọ́kọ́ so agbègbè náà mọ́ ayé òde. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní ọdún 1901. Òṣòdì wà lójú ọ̀nà náà, láàárín Ìddó àti Ìkẹjà. Níbi irú iṣẹ́ báyìí, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni òṣìṣẹ́ fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ yé e ni èyí tí ó ní kí ó gbé, kí ó sọ̀ ọ́, kí ó yára. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni èyí tí wọ́n sọ sí i nígbà tí kò yára tó. Ọ̀gá tí ó sọ ọ́ lè ti gbàgbé kí ó tó mu tíì ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá náà kò lè gbàgbé. Èébú kékeré láti ẹnu ẹni tí ó lè lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe èébú kékeré mọ́.

Ọ̀nà kejì ni ilé ìwé. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1882 gbé Gẹ̀ẹ́sì ga, kò sì pèsè ohunkóhun fún èdè ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé a kò gbọdọ̀ sọ “vernacular” nínú ọgbà. Wọ́n na ọmọ nítorí rẹ̀, wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì fi páálí kọ́ ọmọ lọ́rùn. Àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: “verna” ni ẹrú tí a bí sínú ilé olówó rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n nà kò gbọ́ Látìn. Síbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Bákan náà ni “bush.” Igbó lásán ni ní ẹnu Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọmọ London tí yóò sunkún nítorí pé wọ́n dárúkọ igbó. Ní etí ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta nǹkan oko láti fi san owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ fún un pé ibi tí ó ti wá ni àbùkù rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ ológun. Láàárín ọdún 1943 sí 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jagun ní Burma nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82. Ẹnu sájẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wọn ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé bọ̀ wálé. Òṣòdì ni ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́ wà. Nítorí náà, èdè bárékè kò jìnnà sí etí ará ibẹ̀. “Bọ́lọ́dì fúùlù” ti di ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò wọ ilé ìwé rárá lè sọ jáde ketekete.

Ìrìn àjò “bloody” yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Nígbà tí Mrs Patrick Campbell sọ ọ́ lórí ìtàgé ní London ní oṣù kẹrin ọdún 1914, nínú eré George Bernard Shaw tí a ń pè ní Pygmalion, gbogbo ìlú ni ó gbọ̀n. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2016, Ofcom, àjọ tí ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn ní Ìlú Ọba, tò ó mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kò rin ọ̀nà ìtàgé. Aṣọ ológun ni ó wọ̀ wá. Ìjọba ológun wà lórí oyè láti 1966 sí 1979, àti láti ìparí 1983 sí 1999. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, nígbà tí ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ń fi kòbókò to èrò sórí ìlà ní àwọn ibùdókọ̀ Èkó. “Bloody civilian” ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ará ìlú. Ẹni tí ó bá wo ìwé atúmọ̀ èdè yóò rí i pé “civilian” kì í ṣe èébú, “bloody” sì ti fúyẹ́. Ẹni tí ó dúró lórí ìlà náà kò wo ìwé atúmọ̀ èdè. Kòbókò ni ó ń wò.

Ìtumọ̀ tí ó ń fi kún ẹrù

Yàtọ̀ sí ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti wá, ìtumọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ́kàn tún ń fi kún ẹrù náà. Ìwé atúmọ̀ èdè a máa fi ọ̀rọ̀ kan dípò ọ̀rọ̀ kan; kì í sọ ìwọ̀n wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá gbé ìwọ̀n ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a wo “mad.” Gẹ̀ẹ́sì lè bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá orí rẹ̀ ti dàrú, nítorí pé ó ra bàtà olówó gọbọi, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà lè túmọ̀ sí pé inú ń bí ènìyàn lásán. Wèrè ni ọmọ Yorùbá gbọ́. Wèrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí àwọn àgbà ń wádìí nínú ìdílé kí wọ́n tó gbà kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ẹni tí a pè ní wèrè ní gbangba rò pé a ti sọ̀rọ̀ sí ìran rẹ̀, kì í ṣe sí ìṣe rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Báyìí náà ni “bastard.” Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ṣe àwàdà fún ọ̀rẹ́ tí orí ṣe ní oore, ọmọ àlè ni ó dún ní etí wa. “Cow” wà lára àwọn ọ̀rọ̀ fúyẹ́ tí Ofcom tò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni dán an wò kí ó pe ìyá olóhun ọjà ní màlúù.

“Silly” tilẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀n ọ̀rọ̀ a máa yí padà nínú ilé tirẹ̀ pàápàá. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, alábùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó di ẹni tí kò mọ ibi. Ó di ẹni àánú. Lẹ́yìn náà ni ó di aláìgbọ́n. Lónìí, ìyá Gẹ̀ẹ́sì lè fi ẹ̀rín sọ ọ́ sí ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹrù náà a sì máa yí sí apá kejì. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ohun ìyanu, yóò ní “Irọ́ ni!” Kò bú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́ bí ó ti rí, tí ó ní “It's a lie,” ojú Gẹ̀ẹ́sì yóò le. Àwọn aṣòfin Ìlú Ọba pàápàá kò gbọdọ̀ pe ara wọn ní òpùrọ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn.

Ohun kan tún wà. Èdè Yorùbá ní “o” àti “ẹ”. Gẹ̀ẹ́sì ní “you” nìkan. Ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti bú àgbà ní Yorùbá lè rò pé ààbò wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sí “o” tí yóò tú u fó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí àgbà tí ó ń gbọ́ ọ ti tú “you” yẹn sí “o” kí ó tó dé ọkàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí “Shut up,” tí àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ya ẹnu sí ìròyìn ayọ̀, fi lè tú ẹbí ká níbí.

Ẹ̀rí láti inú èébú tí a dá nílé

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni èébú ń gbé, kí ó wo àwọn tí a fi ọwọ́ ara wa dá. Ní ọdún 1972, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dundee United wá láti Scotland láti gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Wọn kò ṣe dáadáa. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe òmùgọ̀ ní Dundee United. Ará Scotland tí a bá fi orúkọ yìí bú yóò kàn rò pé a béèrè ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn ni. Tẹlifíṣàn náà ṣe tirẹ̀. Láti inú eré The Village Headmaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọdún 1968, ni orúkọ Amebo ti jáde. Obìnrin inú eré ni, Ibidun Allison ni ó sì ṣe é. Lónìí, olófòófó ni a ń pè bẹ́ẹ̀, àní láti ẹnu ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí eré náà parí.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ti mú òdo inú ìwé ìṣirò tí a sọ ọ́ di olódo. Òṣòdì fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ agbèrò dáadáa. Ẹni tí ń gba èrò sínú ọkọ̀ lásán ni ó túmọ̀ sí, orúkọ iṣẹ́ sì ni. Ọdún púpọ̀ tí ìpáǹle fi gbilẹ̀ ní ibùdókọ̀ ni ó sọ ọ́ di èébú. Ìjọba kó àwọn ìsọ̀ ojú pópó Òṣòdì kúrò ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun síbẹ̀ ní ọdún 2019; ọ̀rọ̀ náà kò bá àwọn ìsọ̀ lọ.

Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn a máa kọ orin èébú tí a kò lè kọ ní ọjọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú. Ọjọ́ ni ó gba ọ̀rọ̀ láyè. Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú gba bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ kan tí a dá ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1959, ẹnìkan ti pe ẹnìkejì ní olè àti ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí wọ́n ń jà. Adájọ́ ní èébú ìjà lásán ni, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ìjà. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ méjì kan náà ní pẹ̀lẹ́pùtù níwájú ọ̀gá báńkì tí ẹni náà fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ẹrù mìíràn ni yóò jẹ́. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó dé gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916 náà ka èébú mọ́ ohun tí ó lè mú ènìyàn bínú kọjá ààlà. Ó ní kí a fi ẹni tí ó jẹ́ ènìyàn bí gbogbo ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n. Òfin pàápàá ń béèrè pé: ní etí ta ni?

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́

Ọmọ tí a fi èdè àjèjì bú nígbà tí ó ṣì ń kọ́ èdè náà ń kọ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù ni ó sábà máa ń yára wọlé ju ọ̀rọ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó ní “stupid” sí ọmọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni òun sọ, nítorí pé ó ti rí i nínú ìwé ìtàn àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà yóò dákẹ́. Kò ní béèrè ìbéèrè mọ́, nítorí pé ìbéèrè ni ó mú èébú wá. Olùkọ́ yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè, kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Yorùbá tí a fi ń nà wọ́n ní ilé ìwé mìíràn kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a fi èébú pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni pé kò ní gbọ́ ọ lójú pópó. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́ ọ ní ìwọ̀n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ Òyìnbó ní àmì ohùn. Òyìnbó tí ó fẹ́ kí ọdẹ, tí ó ṣi ohùn gbé, lè pè é ní ọ̀dẹ̀ láìmọ̀. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tún un ṣe fún un. A mọ̀ pé èdè ni ó ń kọ́. Kí olùkọ́ sọ ẹni tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tí a lè sọ ọ́ sí, ibi tí a ti lè sọ ọ́, àti irú ojú tí a fi ń sọ ọ́. Kí ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí London pé ẹni tí ó fi “silly” bá a ṣeré kò bú ìran rẹ̀. Kí ó sì sọ fún un pé àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ fi ṣeré, bí ó tilẹ̀ gbọ́ wọn nínú orin àti fíìmù.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọn ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò sọ pé èdè wo ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́.